Ilé Oko Royall ní Medford: Ojú Ilé, Ẹ̀yìnkùlé àti Àwọn Tó Gbé Ibẹ̀

Ìfáárà

Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa ohun àjogúnbá, ilé àtijọ́ wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. A ó sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó ni ín àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ sínú ìwé, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, olùkọ́ àwọn olùkọ́, jíròrò lé lórí nínú pépà yìí ni pé irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ilé purọ́ fún wa. Ojú tí ilé fẹ́ ká rí nìkan ni a ń wò.

Ilé tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ jìnnà sí wa. Ilé Royall ni, ní ìlú Medford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Ó wà lára àwọn ilé oko tó ṣì dúró dáadáa tí wọ́n tún kọ́ sí ìlànà ayé àwọn ọba Jọ́ọ̀jì, nítorí náà ó rọrùn láti fi ṣàlàyé ìlànà yẹn. Ìdí kejì ni pé obìnrin kan tó fi àádọ́ta ọdún sìnrú fún àwọn onílé náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ní 1783, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sì wà nínú ìwé náà. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ni à ń pè ní ilé ayé àwọn Jọ́ọ̀jì?

Ọba mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn lórí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1714 àti 1830 ló jẹ́ Jọ́ọ̀jì. Orúkọ wọn ni àwọn òpìtàn fi ń pe irú ilé tó gbajúmọ̀ lásìkò náà. Ará Ítálì kan, Andrea Palladio, tó gbáyé láti 1508 sí 1580, ló ti yẹ àwókù ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ wò fínnífínní, tó sì ṣe ìwé lórí bí ilé ṣe yẹ kó rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà rẹ̀ mọ́ra nígbà tó yá, àwọn náà sì ń tẹ ìwé àwòrán ilé jáde. Ti James Gibbs jáde ní 1728. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé káfíńtà tí kò fẹsẹ̀ tẹ London rí lè ṣí ìwé síwájú, kó sì gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tó jọ ti ilé ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin tó ga jù nínú ìlànà yìí ni pé ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá òsì mu. Bí ẹ bá fa ìlà kan láti orí òrùlé wá sí àárín ẹnu ọ̀nà, iye fèrèsé tó wà lápá kan ni yóò wà lápá kejì, ìwọ̀n wọn yóò sì dọ́gba. Ẹnu ọ̀nà wà ní àárín gbùngbùn. Pasejì la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn gba inú rẹ̀ lọ sókè, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Fèrèsé jẹ́ onígíláàsì tí à ń tì sókè tí à ń fà sódò. Òpó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ló ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, òrùlé kankan kò sì gbára lé wọn.

Ẹ fi agbo ilé àtijọ́ wa wé e. Agbo ilé kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó kọjú sí àgbàlá. Ẹni tó bá kọjá lóde ògiri nìkan ni yóò rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé yóò rí ẹni tó ń gúnyán, ẹni tó ń rẹ aró àti ọmọ tó ń sunkún. Ilé ayé Jọ́ọ̀jì kọ ojú sí ọ̀nà. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ìṣòro wà níbẹ̀ fún ilé oko. Iṣẹ́ oko kì í rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Màlúù gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sùn, a gbọ́dọ̀ fún wàrà, ká fọ irun àgùntàn, ká dáná oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, ká da eérú nù. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ kí ojú ilé òun dán bí ti ìjòyè, ó gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn tí yóò kó iṣẹ́ sí, àti ibi tí yóò kó àwọn òṣìṣẹ́ sí pẹ̀lú. Ibi tí mo ti rò pé ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa irú ilé yìí nìyẹn: ká wo ojú ilé, ká sì béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń dáná?

Bí ilé oko ṣe di ilé ńlá

Ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn ará Massachusett, ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1631, wọ́n fún Gómìnà John Winthrop ní 600 éékà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Mystic, ó sì sọ oko náà ní Ten Hills, èyí tó túmọ̀ sí Òkè Mẹ́wàá. Ilẹ̀ náà gba ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn kọjá. Ọ̀kan lára wọn, John Usher, ní ilé bíríkì kan níbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí ìjìn rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ.

Ní 1732 ni Isaac Royall ra ilẹ̀ tó lé ní 500 éékà nínú oko yìí. Ìdílé tí kò lówó púpọ̀ ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Erékùṣù Antigua, ní òkun Káríbíà, ló ti dolówó. Ó ní oko ìrèké níbẹ̀, ó ń ta ṣúgà àti ọtí ròòmù, ó sì ń ta èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí èrè oko Medford fúnra rẹ̀ kò lè kọ́ irú ilé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìrèké ló kọ́ ọ.

Ní 1736, àwọn aláṣẹ Antigua sọ pé àwọn tú àṣírí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú ń gbìmọ̀. Ẹrú 88 ni wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàyè. Hector, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ lóko Royall, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ọ̀dá àti àìsàn ìrèké ti ń bá erékùṣù náà jà tẹ́lẹ̀. Royall palẹ̀ mọ́, ó sì kó ìdílé rẹ̀ wá sí Medford ní 1737 pẹ̀lú ọmọ Áfíríkà 27 tó jẹ́ ẹrú rẹ̀.

Ilé tó bá nílẹ̀ ti kúrò ní ilé Usher nígbà náà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi tún un kọ́, wọ́n gbé e ga di alájà mẹ́ta, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́. Wọn kò wó bíríkì ilé àtijọ́. Ó wà nínú ilé tuntun bí egungun ṣe ń wà nínú ẹran. Royall bàbá kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ó kú ní 1739. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Isaac, ogún ọdún péré ni, ló jogún ilé náà, pẹ̀lú èèyàn àti ilẹ̀. Láàárín 1747 sí 1750, òun náà tún ilé fẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe sí ojú ilé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, níhà ọgbà òdòdó, ni mo fẹ́ kí a dúró wò. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán yóò rí ilé tí wọ́n fi òkúta gígẹ́ kọ́, tí ìlà àárín òkúta kan sí èkejì hàn kedere. Tí ẹ bá súnmọ́ ọn, igi ni. Pákó ni wọ́n gbẹ́ ìlà sí lára kí ó lè jọ òkúta, wọ́n sì to òpó pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ojú tó kọ sí ọ̀nà ní ìhà ìlà-oòrùn kò ní òkúta ayédèrú yìí. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra ni, ìlà fèrèsé rẹ̀ sì gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nínú ilé, igi gbígbẹ́ ló bo ògiri àwọn yàrá àlejò. Mo mọ̀ pé wọn kì í ka irú èyí sí ìtànjẹ nígbà náà. Àṣà ni, ní England pàápàá. Síbẹ̀, ó ṣòro fún mi láti wo pákó tó ń ṣe bí òkúta kí n má ronú nípa onílé tó jẹ́ oníṣòwò ẹrú tó ń ṣe bí ìjòyè àtìrandíran.

Ilé kejì

Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ilé ńlá ni ilé kejì wà, ó gùn, kò sì ga tó ti àkọ́kọ́. Apá kan rẹ̀ jẹ́ bíríkì, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1732 fún ilé ìdáná ìta. Apá kejì jẹ́ pákó, wọ́n sì fi kún un ní nǹkan bí 1760. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń sùn. Àwọn mìíràn ń sùn nínú ilé ńlá fúnra rẹ̀, ní ilé ìdáná tàbí lábẹ́ òrùlé, níbi tí ohùn olówó wọn yóò ti máa dé etí wọn lóru. Àwọn onímọ̀ gbà pé òun nìkan ni ibùgbé ẹrú tó ṣì dúró ní gbogbo ìhà àríwá Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn mọ̀ pé ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni a máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ ẹrú bá délẹ̀: òwú, tábà, Virginia, Georgia. Massachusetts wà ní àríwá, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa rántí ìjà tí wọ́n jà fún òmìnira ju ohun mìíràn lọ. Ilé kékeré yìí kò jẹ́ kí ìtàn rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 60 èèyàn tí ìdílé Royall fi ṣẹrú níbẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò sì sí ìdílé tó ní ẹrú tó wọn ní Massachusetts. Wọ́n ń gé koríko fún ẹran, wọ́n ń fún omi èso ápù fún ọtí, wọ́n ń tọ́jú àgùntàn, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń tanná sínú yàrá kọ̀ọ̀kan kí àwọn onílé tó jí.

Ìwé ìpíngún àti ìwé ìjọ pa díẹ̀ mọ́ nínú orúkọ wọn. Quaco wà níbẹ̀. Kwaku ni, orúkọ ọmọkùnrin tí àwọn Akan bí lọ́jọ́rùú. Abba wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Boston gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá náà láti 1999 títí di 2001, wọ́n sì kó àfọ́kù àwo àti ìkòkò tábà amọ̀ jáde, títí kan ohun ìṣeré kéékèèké tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Olówó ló ra àwo. Ẹni tó mọ ohun ìṣeré yẹn fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ méjì

Ní 1737, bí Royall bàbá ṣe dé, ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Massachusetts. Owó orí wà tí òfin ní kí ẹni tó bá kó ẹrú wọlé san lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí owó náà jì òun, nítorí pé òun kò kó wọn wá fún títà, ìlò ara òun ni.

Ìwé kejì dé iwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kan náà ní oṣù kejì, 1783. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Royall ọmọ ti sá lọ ní oṣù kẹrin, 1775, ọjọ́ mẹ́ta kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Lexington àti Concord. Ó kú sí England ní 1781. Ìjọba tuntun ti gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀, àwọn ọ̀gágun sì ti fi ilé náà ṣe ibùdó. Belinda ló mú ìwé wá, arúgbó tó tó ẹni àádọ́rin ọdún, pẹ̀lú Prine, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ìwé ìpíngún Royall ti fún un láàyè láti yan òmìnira, ṣùgbọ́n òmìnira kì í kún ìkòkò. Ó ṣàlàyé pé láti kékeré ni wọ́n ti jí òun gbé nílé. Pé àádọ́ta ọdún ni òun fi ṣiṣẹ́ fún Royall. Pé nínú ọrọ̀ ńlá tó fi sílẹ̀, èyí tí òógùn òun fi kún un wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun àti ọmọ òun.

Kò bẹ̀bẹ̀ fún ìtọrẹ àánú. Owó iṣẹ́ ló ń béèrè. Ìgbìmọ̀ gbà, wọ́n ní kí wọ́n máa fún un ní pọ́ùn 15 àti ṣílè 12 lọ́dún láti inú ohun ìní Royall. Tí ẹ bá pín in, ṣílè mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí owó náà fi dáwọ́ dúró, ó sì ní láti tún kọ̀wé, léraléra, títí di 1793. Ẹni tó bá ti lọ síwá sẹ́yìn nítorí owó ìfẹ̀yìntì láàárín wa kò nílò àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Belinda

Belinda kò mọ̀wé kọ. Ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ga, òun sì tẹ àmì ọwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú gbólóhùn ìwé náà jẹ́ ohùn akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí akọ̀wé yẹn kò lè dá sọ. Ìwé náà ròyìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, tó wà nínú igbó ọlọ́wọ̀, tí bàbá àti ìyá dì í lọ́wọ́ mú lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń bọ ẹni ńlá tó dá ohun gbogbo. Orúkọ tí ìwé pe ẹni ńlá náà ni Orisa.

Àwọn òǹkàwé èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọlọ́run kan ní Áfíríkà, wọ́n á sì kọjá. Ó yẹ kí Yorùbá dúró níbẹ̀. Òrìṣà tó jẹ́ ńlá, tó sì jẹ́ ẹlẹ́dàá, àwa mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: Òrìṣàńlá ni, Ọbàtálá, alámọ̀ tó ń mọ orí àti ara ọmọ aráyé. Lójú tèmi, akọ̀wé gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu obìnrin náà, ó bi í ní ìtumọ̀, ó sì kọ ìtumọ̀ àti orúkọ pa pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí inú wa dùn ju bó ti yẹ lọ. Ìwé kan náà sọ pé etí odò Volta ni ilé Belinda wà, Volta kò sì sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó ń sọ èdè wa wà títí dé Atakpamé ní Togo, òrìṣà sì máa ń ré odò kọjá láti ọ̀dọ̀ èèyàn kan sí òmíràn. Ó sì ti gbé àárín àwọn èèyàn láti ibi púpọ̀ fún àádọ́ta ọdún, àwọn bíi Quaco. Ọ̀rọ̀ kan kò tó láti sọ ọ́ di ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ìfẹ̀. Ohun tí ó tó láti fi hàn ni pé, nínú ilé tí pákó ti ń ṣe bí òkúta, ẹnì kan ti pa orúkọ Òrìṣà mọ́ sínú ara rẹ̀ láti kékeré di àádọ́rin ọdún. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú èdè Yorùbá tàbí ìtàn, ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú kí ó gbé ohun méjèèjì yìí dání lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tí ẹ̀rí sọ, àti ibi tí ẹ̀rí dúró sí. Mo ti rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ yan ọ̀kan.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú náà ló kọ́kọ́ dìde láti gbà á là, ẹgbẹ́ kan sì rà á ní 1908. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àga dáradára, àwo tánganran àti ìtàn àwọn ọ̀gágun ni wọ́n ń fi han àlejò. Ẹ̀yìn ọdún 2000 ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú di ọ̀rọ̀ pàtàkì níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ibùgbé ẹrú kún orúkọ ibẹ̀: Royall House and Slave Quarters.

Owó Royall náà rìn jìnnà. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún Harvard ni wọ́n tà tí wọ́n fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n òfin sílẹ̀ ní 1815, ọdún méjì lẹ́yìn náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard bẹ̀rẹ̀. Àmì ìdílé Royall, ìtí ọkà àlìkámà mẹ́ta, di àmì ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní 2016, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pariwo títí, yunifásítì gbà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹnu wọn kò kò lórí rẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní bí wọ́n bá yọ àmì, àwọn èèyàn yóò gbàgbé ibi tí owó ti wá. Ìjiyàn tó dára fún kíláàsì ni, mi ò sì ní sọ ibi tí mo dúró sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n tó jà á tán.

Nígbà tí mo bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwòrán ilé ńlá nìkan ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé jáde, ti ìwọ̀-oòrùn, mo sì máa ń ní kí wọ́n ka fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n á kà á, yóò dọ́gba, inú wọn á dùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n níbo ni èéfín ọbẹ̀ ń gbà jáde, kí n tó wá gbé àwòrán ilé kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé Belinda ló máa ń kẹ́yìn. Mo máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé náà sókè dé orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan tí ẹni tó ń kà á kì í dákẹ́ níbẹ̀, kí ó padà sẹ́yìn, kí ó sì tún orúkọ náà pè, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.